Máàkì Tí Mo Fún Géèmù Ẹja

Sátidé, Oṣù Kẹjọ 1988

Ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi Kọ́jó kó géèmù tuntun méjì dé láti Lomé, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì. Mo fún wọn ní máàkì, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Géèmù mọ́tò gba mẹ́sàn-án nínú ogún, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kò ní kòtò kankan. Ta ló wa mọ́tò dé Elavagnon wa yìí rí láìbọ́ sí kòtò? Géèmù ẹja gba mẹ́rìndínlógún. Ẹja á máa fò, ìwọ á máa fi àwọ̀n hán wọn. Tí mẹ́ta bá bọ́, ó parí.

Lónìí, Tọntọ́n Kòfí, àbúrò bàbá wa tó ń pẹja ní adágún odò Nangbéto, gbà á lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tó fi pàdánù. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pàdánù.

"Tọntọ́n, ẹ rí ẹja yẹn, ẹ sì jẹ́ kó lọ!" ni mo wí.

"Kékeré ni. Jẹ́ kó lọ dàgbà ná."

Kọ́jó ṣàlàyé pé àti kékeré àti ńlá, gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kó. Tọntọ́n dá ẹ̀rọ náà padà fún mi. "Ẹni tó ṣe èyí, kí ló fẹ́ jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo ti pa mẹ́rìndínlógún yẹn rẹ́, mo kọ méje. Ṣùgbọ́n kí n tó mú ìwé yìí, mo tún gbá géèmù náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹja kékeré kan fò sókè, ọwọ́ mi ò lọ. Mo pàdánù, inú mi sì dùn.