Bí Ẹ Ṣe Rí Mi Láàárín Àwọn Ará Arvelle

Yàrá 214,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Arvelle,
Ilẹ̀ Faransé.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Ghislaine,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ kafé, ẹ kú kọfí títà. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín nígbà òtútù ti rọlẹ̀? Bọ̀ọ̀dá Roland, ọkọ yín, ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà? Maëlle ọmọ yín ní àlàáfíà ni gbogbo yín wà, àmọ́ ó ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé nìyí. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ̀rù á bà mí, màá sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.

Sáà bọ́ọ̀lù yìí ti sú mi. Ẹ rántí ìgbà tí Fosse-le-Comte wa bẹ̀rẹ̀ ìdíje Yúróòpù, tí gbogbo ìlú ń yan kiri bí ẹni tó joyè. A na àwọn ará Pọ́túgà nílé wa, a sì na àwọn ará Nọ́wè lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹta, pẹnárítì ló lé wa kúrò, ẹni tó gbá èyí tó kẹ́yìn sì gbá a lọ síbi tí wọ́n ti ń ta pòtétò díndín. Ti Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé tún burú jùyẹn lọ. Àwọn ọmọ abúlé kan tí kì í gbowó oṣù lórí bọ́ọ̀lù ló nà wá. Líìgì nìkan ló wá kù. Ká ní a na Arvelle lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, à bá padà sí Yúróòpù. Ọ̀mì kò lè gbà wá.

Ẹ mọ bí àwọn aláṣẹ ẹkùn yìí ṣe fòfin de wíwá ẹ̀yin alátìlẹ́yìn wa síbí torí ìbẹ̀rù ìjà. Maëlle ní ẹ ti gba bọ́ọ̀sì, ẹ sì ti ki ẹran àti wàràkàṣì sínú búrẹ́dì fún gbogbo èrò, inú kafé lẹ padà jẹ ẹ́ sí tìbínútìbínú. Ó dùn mí gan-an. Mo ka òfin náà látòkèdélẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní alátìlẹ́yìn Fosse-le-Comte kò gbọdọ̀ sún mọ́ pápá ìṣeré. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín ni. Èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́dún àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá sísùn tí mò ń sùn nílùú yìí pàápàá lòdì sófin. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa wà níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan tí kò ráyè lọ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Verhaeghe. Mo ká ìborùn ẹgbẹ́ wa tí mo ní sínú àpò ìrọ̀rí, mo wọ aṣọ eléérú, mo lọ.

Nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, èmi nìkan ni inú mi dùn ní gbogbo ìlà yẹn, mo sì jókòó bí ẹni tí eyín ń ro. Bàbá yẹn wojú mi, wọ́n ní, "Má banú jẹ́, ọmọ mi. Fosse-le-Comte mà ni. Wọ́n á fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ kó tó parí." Inú bí mi, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, aṣọ́lé wa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹpẹrẹ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Arvelle sì sọ ọ́ di ọ̀kan sí ọ̀kan. Bí Yúróòpù ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Gbogbo ìlà wa dìde. Bàbá Verhaeghe gbá mi mú lábíyá, wọ́n ń fò, èmi náà ń fò torí wọn ò fi mí sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n dé ọ̀dọ̀ wa.

Maëlle ti sọ bó ṣe rí nínú kafé fún mi. Ó ní Thibaut ọmọ alápatà ní, "Ẹ wo lọ́yà wa o, ó ti di ọmọ onílùú ní Arvelle." Ó ní ẹ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn ní, "Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá sọ." Àǹtí mi, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ ni mo ti ń jókòó síbẹ̀. Ìdánwò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò sì lè kàwé.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bi mi ni. Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ ò bá ti pariwo, kí ọlọ́pàá gbé yín, kẹ́ ẹ sì máa kọrin nínú ọkọ̀ wọn. Àyà mi ò gbóyẹn. Àmọ́ nígbà tí a jáde, Bàbá Verhaeghe ní ọmọ-ọmọ àwọn ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ṣé kí àwọn tọ́jú ìjókòó yẹn dè mí fún sáà tó ń bọ̀. Ọlọ́pàá kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo ní, "Rárá, bàbá. Ará Fosse-le-Comte ni mí." Wọ́n ní, "Ìwọ lo sì jókòó tì mí látàárọ̀? O ò bá ti sọ, mi ò bá ti yọ ẹ́ lẹ́nu dáadáa." Ọlọ́pàá kan tiẹ̀ gbọ́ wa, ó ń yán ni. Gbogbo ẹ̀rù tó bà mí, lásán ni.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Roland àti Maëlle. Ẹ má kí Thibaut.

Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán Sátidé ni màá wọ̀. Bí ẹ bá ti fi ìjókòó náà fún ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, níwájú gbogbo wọn. Bí ẹ ò bá tíì fún ẹnikẹ́ni, mo ń bọ̀ wá sọ pé mo fẹ́ ẹ.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀,
Gauthier.