Àláwáǹsì Tí Mo Fi Sí Apá Bàálù

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ifákò níbí, bí ẹ ò tilẹ̀ rí orúnkún mi. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tiyín náà ti ń gbà fún yín láti máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ? Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, tí mo mọ̀ pé òun ló ń ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti jẹ̀bi. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, kì í sì í ṣe fún àṣehàn. Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri nílé. Wọ́n ní mo wà lọ́dọ̀ àwọn kan ní Èkó tí wọ́n ń rán iná sójú ọ̀run, tí ẹyẹ sì ń já bọ́ ní sísun. Kí gbogbo wọn kúkú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ẹni tó ń ṣe é.

Aṣọ ni mò ń rán, Màámi. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi náà ni. Ẹni tí mò ń rán an fún ló yàtọ̀: bàálù ni, kì í ṣe ènìyàn. Ilé iṣẹ́ wa wà ní Òrégùn, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, gbogbo wa sì máa ń ta sánsán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Bàálù náà kò ní awakọ̀, kì í sì í mu epo. Apá rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ènìyàn méjì lè gbé e. Láti ilẹ̀ ni a ti ń fi agbára ránṣẹ́ sí i. Ṣé ẹ rántí àpótí tí Àǹtí Adó fi ń gbé ọbẹ̀ gbóná láìdáná, èyí tí ẹ ní ẹ ò ní jẹ ohunkóhun tó bá jáde nínú rẹ̀? Irú ìgbì tó wà nínú àpótí yẹn náà ni. Àwo ńlá kan wà nílẹ̀ tó ń tú u sókè. Aṣọ abẹ́ apá bàálù á gbà á, á sọ ọ́ di iná mànàmáná, iná yẹn ló sì ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Tí àwo kò bá ti gbójú kúrò lára rẹ̀, bàálù á dúró sókè lọ́hùn-ún, kò ní sọ pé epo tán.

Ní ti ẹyẹ, àwọn lékèélékèé ń fò kọjá níṣojú mi, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ìgbì náà fẹ̀, kò le. Ibi tí àwo wà nìkan ni wọ́n ṣọgbà yí ká, a kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú rẹ̀.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Fóònù ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa, sátẹ́láìtì lè gbé e wá, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì jìnnà réré, owó rẹ̀ ju agbára ìlú kékeré lọ, tó bá sì bàjẹ́, ta ló máa gòkè lọ tún un ṣe? Ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń lé ni pé kí bàálù tiwa lọ dúró sókè ju ìkùukùu òjò lọ, ju ibi tí bàálù èrò ń gbà lọ, kó máa pòyì lójú kan bí àṣá, kó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan fún ẹnìkejì. Tó bá rẹ̀ ẹ́, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó tún un ṣe, a ó dá a padà. Kò tíì débẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ nílé pé ó ti débẹ̀. Èyí tí à ń fò báyìí kò ga ju igi àgbọn mẹ́ta tí a tò léra wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ yọ̀ lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ ti lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nítorí pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn mi, tí orúnkún yín wú, ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé mi ò ní kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Òjò ń rọ̀ gan-an níbí. Yàrá mi kò jò, onílé mi kì í sì í yọ mí lẹ́nu, àfi pé ó máa ń ka iye garawa omi tí mo bá fà. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo se ìrẹsì ife kan ṣoṣo, tí mo sì jókòó tì í, àárò ilé máa ń sọ mí. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo ní ènìyàn. Ẹni tó sún mọ́ mi jù níbẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń mójú tó àwo ilẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí àwo máa kọjú sí bàálù níbikíbi tó bá yí sí. Láràárọ̀, wọ́n máa ń ra àkàrà tèmi mọ́ tiwọn, wọn kò sì jẹ́ kí n sanwó rí. Àwọn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di aláìníṣẹ́.

Ẹ jókòó dáadáa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Aṣọ abẹ́ apá bàálù kì í ṣe aṣọ lásán. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n sì to okùn bàbà tó tín-ínrín bí irun orí sójú rẹ̀. Abala abala ló ń dé, èmi ni mò ń so wọ́n pọ̀. Màdáàmù wa, ẹnjiníà tó ni ilé iṣẹ́, fún mi ní bébà ìwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́ pé kí n gé e sójú ìlà gan-an, kí n jẹ́ kí etí kan etí, kí n fi tẹ́ẹ̀pù tó ń lẹ̀ mú un, kí n rán an lórí tẹ́ẹ̀pù yẹn, kí n má ṣẹ́ ohunkóhun sínú. Mo ní ó ti yé mi, mà. Nínú ọkàn mi, mò ń sọ pé ẹnjiníà mọ iná, kí ni wọ́n mọ̀ nípa aṣọ?

Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo gé búláòsì ìyàwó pásítọ̀ ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ẹ fi rúlà gbá mi lọ́wọ́. Ẹ ní aṣọ tí kò ní àláwáǹsì, aṣọ ìkà ni. Ẹ ní ènìyàn ń sanra, ènìyàn ń lóyún, ká fi aṣọ ìwọ̀n ìka kan pamọ́ sínú ojú rírán, ká lè tú u fún un lọ́la. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ò lè gé aṣọ kó má fi àláwáǹsì sí i. Mo fi sí ti bàálù. Ìka kan ní gbogbo ojú rírán, mo ṣẹ́ ẹ sínú, mo rán an mọ́lẹ̀, ó sì lẹ́wà. Mo rò pé tí wọ́n bá fẹ́ fẹ apá yẹn lójú lọ́jọ́ kan, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ sí pápá, lẹ́yìn Agége lọ́hùn-ún, bátìrì ló gbé e sókè. Wọ́n wá pa bátìrì, wọ́n yí i sórí ìgbì tó ń ti ilẹ̀ bọ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹni tí kò jẹun àárọ̀, bàálù rọra ń wálẹ̀, ó sì lọ bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ olóko kan. Gbogbo ojú yí sí Bọ̀ọ̀dá Ràímì. Wọ́n ní àwo wọn ló gbójú kúrò. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ní kò gbójú kúrò, àwọn fi ojú méjèèjì ṣọ́ ọ. Ta ló máa gbà wọ́n gbọ́? A ti dán gbogbo abala aṣọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, kò sì sí èyí tí kò ṣiṣẹ́. Màdáàmù ní ẹlòmíràn ló máa di àwo mú ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí bàálù bá dúró lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí Bọ̀ọ̀dá Ràímì lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Màámi, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ mẹ́ta ló sì wà ní ilé ìwé lọ́rùn wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé apá bàálù náà fún mi pé kí n tún ibi tí ẹ̀gẹ́ ti fà á ya ṣe. Mo tú ojú rírán kan. Nínú ibi tí mo ṣẹ́ aṣọ sí, mo rí ìlà kan tó pọ́n rúsúrúsú, bí ibi tí áyọ́ọ̀nù bá jó lára aṣọ funfun. Mo tú òmíràn, bákan náà ni. Mi ò kàwé ẹnjiníà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí aṣọ bá ti jó. Okùn bàbà abala kan ń fara kan ti èkejì nínú àláwáǹsì tí mo fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni iná ń ṣòfò sí kó tó dé abẹ̀bẹ̀. Abala kọ̀ọ̀kan dára ní òun nìkan. Ìgbà tí mo so wọ́n pọ̀ ni mo bà wọ́n jẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n mú àlùmọ́gàjí, kí n gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n rán an bí wọ́n ṣe wí, kí n sì panu mọ́. Ta ló máa mọ̀? Bàálù á dúró lọ́jọ́ Jímọ̀, inú gbogbo ènìyàn á dùn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló máa wà nídìí àwo, wọn á sì sọ pé ẹ ò rí i, Ràímì ló ń sùn. Abẹ́rẹ́ mi ló máa lé wọn lọ, wọn ò sì ní mọ̀ láé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e o, Màámi. Mo gé ojú rírán kan tán. Mo wá dá ọwọ́ dúró. Àkàrà tí wọ́n rà fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, mi ò lè fẹnu kàn án.

Mo lọ pe Màdáàmù wá sídìí ẹ̀rọ, mo pe Bọ̀ọ̀dá Ràímì náà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mo ti gé. Màdáàmù gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, wọ́n tú ojú rírán mìíràn fúnra wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bi mí, ohùn wọn sì tutù débi pé ó ń bà mí lẹ́rù, pé ta ló ní kí n fi àláwáǹsì sí apá bàálù. Mo ní màámi ni.

Ọlọ́run ló mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Màdáàmù pàápàá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n padà kọjú sí mi, wọ́n bínú bó ṣe yẹ kí wọ́n bínú. Wọ́n ní ká ní mo jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá, àwọn ìbá lé mi dànù, àwọn ò sì ní lè wo ojú ọkùnrin yìí mọ́ láyé àwọn. Wọ́n bẹ Bọ̀ọ̀dá Ràímì níwájú gbogbo wa. Èmi, wọ́n ní kí n tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì rán an tán kí Ọjọ́bọ̀ tó lọ.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì ò bá mi wí. Wọ́n jáde lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọ́n sì pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní láti ọjọ́ tí bàálù ti bọ́ sínú ẹ̀gẹ́, àwọn fúnra àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àwọn sùn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìbínú Màdáàmù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ọ̀rá àkàrà, wọ́n ní ṣé mò ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni. A jọ jẹ ẹ́ ní tútù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òjò dá láti àárọ̀. Bí àwọn tó lọ kírun ṣe dé, bàálù gbéra. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ló wà nídìí àwo. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa bátìrì, mo di ojú mi. Mò ń retí kí abẹ̀bẹ̀ falẹ̀. Kò falẹ̀. Mo la ojú, ó wà lókè, apá tí mo rán ń dán nínú oòrùn, ó ń pòyì jẹ́ẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí di ìrun àsárì, kò sì bọ́. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí. Mo sunkún, mi ò sì tijú.

Kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fún mi ní fóònù kan tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn àfi èyí tó ń ti inú bàálù náà wá. Wọ́n ní kí n gbé e sétí. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ló wà lórí èkejì ní ìkangun pápá, ojú wọn lára bàálù, fóònù láàárín etí àti èjìká. Wọ́n ní Ìyá Àláwáǹsì, ṣé mò ń gbọ́ àwọn. Orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè mí nìyẹn báyìí. Mo ní mò ń gbọ́. Ohùn wọn mọ́ bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbára tó sì gbé e wá, inú aṣọ tí mo rán ló gbà kọjá.

Nǹkan díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ti orúnkún yín ni. Ẹ má fi ra òwú. Mo sì fi àpòòwé funfun kan rán Déwálé awakọ̀ sí yín. Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Òun ni ojú rírán tí mo gé ní ìkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kí n tó dá ọwọ́ dúró. Ẹ wo ibi tó ti jó. Ẹ fi sínú Bíbélì yín, ẹ má fi lẹ nǹkan kan. Ohun tí ẹ kọ́ mi kò burú, ènìyàn ló wà fún. Mo ṣì ń fi àláwáǹsì sí búláòsì ènìyàn, Màdáàmù náà sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èmi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbàdúrà fún mi. Olúwa yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jèrè wa, ojú yín ò ní ríbi. Ṣùgbọ́n ẹ má gun àpáta yẹn nínú òjò yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí fóònù yín bá dún níbi tí ẹ jókòó sí nídìí ẹ̀rọ, tí ẹ gbójú sókè tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ gbé e. Èmi ni.

Ọmọ yín,
Mojísọ́lá