Okùn Dídán Tí Mo Ká Sínú Àpò Ìwé

                                        Ṣọ́ọ̀bù Soulé Atún-kẹ̀kẹ́-ṣe,
                                        Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Bassila,
                                        Manigri.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1958.

Idrissou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Aïssatou aya rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú lóṣù tó kọjá ńkọ́? Iṣẹ́ wọ́ọ̀fù èbúté Kùtọnu yẹn, mo mọ̀ pé ẹrù àwọn òyìnbó kì í tán, ṣùgbọ́n rántí pé ẹ̀yìn ni o fi ń gbé e, kì í ṣe irin. Àwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, iṣu ń ta, koríko náà ń ṣe tirẹ̀. Ìyá yín Salamatou kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀, ó ti ń rìn dé ọjà láìmú ọ̀pá. Roukayatou ìyàwó mi náà kí ọ. Ó ní ọṣẹ tí o ṣèlérí kò ì tíì dé, ṣé òkun ló gbé e lọ ni?

Ó dára, mo ti kí ọ tán. Wá ibì kan jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti orí ìdúró. Ọ̀rọ̀ Lassissi àbúrò rẹ ni, àti ti okùn gìtá tí o fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, Idrissou. O mọ̀ mí ní aláwàdà, ṣùgbọ́n n kò fi èyí ṣeré rárá.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o gbé gìtá oníná yẹn wálé, èyí tí o rà lọ́wọ́ atukọ̀ kan? Tọmọdé tàgbà ló yí wa ká. Wọ́n wá ihò ara rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Pákó gidi lásán, kò ní ihò, kò ní ikùn. Habibatou, ìyá baba mi, fi ọ̀pá tì í wò, ó ní, “Ohun tí kò ní ikùn yìí, ibo ni yóò máa jẹun sí?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti ń padà wá sí mi létí, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì pa mí mọ́.

Okùn tí o fi ránṣẹ́ dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Iléyá. Mamadou awakọ̀ ló gbé e dé láti Paraku. Háà, n kò rí irú rẹ̀ rí! Àwọn tó wà lórí gìtá tẹ́lẹ̀, irin roboto ni wọ́n fi wé wọn, wọ́n ń ha ìka bí ayùn, tí ọwọ́ bá sì ti ń sún lórí wọn, wọn á máa ké wíín, wíín, àmpílì á sì gbé igbe náà síta fún gbogbo ìlú. Tìrẹ yìí, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé e, ó dán bí ẹ̀yìn ejò. Ọwọ́ ń sáré lórí rẹ̀, o kò gbọ́ nǹkan kan àfi orin. Ohùn rẹ̀ ki, ó balẹ̀, bí ohùn àgbàlagbà tí kò nílò àtipariwo. Ìka Lassissi tó ti là yánnayànna bẹ̀rẹ̀ sí í san. Mo ká àwọn ògbólógbòó sínú agolo mílíìkì, mo gbé e sí ṣọ́ọ̀bù mi. O mọ̀ mí, n kì í da irin nù.

Lọ́jọ́ Iléyá, a lọ ṣeré láàfin. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́, torí n kò mọ̀ bóyá wọ́n sọ fún ọ. Lassissi wọ bàtà ṣeré níwájú ọba. Agbọ̀rọ̀sọ ọba pariwo mọ́ ọn níṣojú gbogbo ìlú: ọmọ ta ni, tó ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ ọba? Ìyá yín, pẹ̀lú orúnkún dídùn yẹn, kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ojú ti Lassissi débi pé ó fi Kùránì búra pé bàtà kò tún ní kan ẹsẹ̀ òun níwájú ọba mọ́ láéláé. Nítorí náà, lọ́jọ́ Iléyá, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ rin gbingbin. Àlájì Yessoufou tan gúrúpù tó fi ń tan iná sílé rẹ̀, àmpílì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lassissi fọwọ́ kan okùn, ó sì gan. Kò ké. Ojú rẹ̀ ràn kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ okùn, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé ijó ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Èmi ni mo ju agogo tí mo ń lù nù, tí mo sáré lọ pa gúrúpù. Nígbà náà ló tó wó lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Láti ọjọ́ náà, okùn rẹ ni gbogbo Manigri ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní ajá tí kì í gbó ló ń buni jẹ. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá lára gìtá òkú ni atukọ̀ kan ti tú u tà fún ọ. N kò ní purọ́ fún ọ, èmi náà dá okùn lẹ́bi. Mo ní kí Lassissi dá àwọn ti tẹ́lẹ̀ padà, ó kọ̀. Ó ní ahọ́n ni òun gé jẹ, kì í ṣe ọwọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, tí Lassissi wà lóko, mo gbé gìtá náà lọ sílé Àlájì, mo ní kí wọ́n tan gúrúpù. Mo wọ bàtà táyà mi, mo fọwọ́ kan okùn dídán náà: kò sí nǹkan kan. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sórí ilẹ̀ tútù: Idrissou, ó jù mí nù bí àpò òwú! Mo dìde, mo tú okùn rẹ kan, mo fi ògbólógbòó kan dípò rẹ̀. Èmi aláìgbọ́n tún fẹsẹ̀ lásán dúró. Ó tún jù mí nù. Mo rọra dá okùn rẹ padà sórí gìtá. Apá mi kò ṣeé gbé sókè títí di ọjọ́ kejì. Kì í ṣe okùn rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ lásán ni, àti ilẹ̀ tútù. Iná náà ń gba inú irin wá, ilẹ̀ ló ń wá lọ, ara èèyàn ló sì fi ń ṣe ọ̀nà. Bá mi bi àwọn oníná wọ́ọ̀fù bóyá irọ́ ni mo pa.

Ohun tó ń já mi láyà nìyí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, ni ọdún àwọn Faransé. Kọmandàn, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ti pe gbogbo ọba àti olórí ìlú sí Bassila, wọ́n sì ní kí Lassissi wá ṣeré. Ọba wa á wà níwájú pátápátá. Gúrúpù tibẹ̀ tóbi ju ti Àlájì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ilẹ̀ lásán ni àgbàlá náà, òjò kò sì fẹ́ dá. Mo ṣàlàyé fún Lassissi títí ẹnu fi bó mi. Mo gé bàtà táyà tuntun fún un, mo fi awọ bò ó kó lè wuyì. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó gbé e padà fún mi. Mo ní ó dára, kó dúró lórí pákó. Ó ní ta ló ń gorí nǹkan níwájú ọba? Mo ní kó má lọ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Soulé, ó ti bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ mí.” Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ni mo bá hùwà olè. Lánàá, nígbà tó lọ kírun ọ̀sán, mo wọ yàrá rẹ̀, mo tú okùn dídán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lórí gìtá. Àwọn ni mo ká sínú àpò ìwé yìí. Gìtá tí kò lókùn, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Bassila? Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi, mo sì ti fẹ́ kí ọ pé ó dìgbà.

Idrissou, bí mo ṣe kọ ìyẹn tán ni gúrúpù Àlájì dún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ gìtá. Wíín. Wíín. Mo sáré wo agolo mílíìkì: òfìfo! Èmi tí n kì í da irin nù! Mo sáré lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlájì ni mo ti bá a, ó jókòó lórí ẹní gbígbẹ, iná kò rí i mú. Ìyẹn ló burú jù. Nígbà tó rí mi, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, ó ní, “Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá mi kó ejò yẹn kúrò! Ìyá ti ń bẹ̀ mí tipẹ́. Ẹ wò ó, kò bu èèyàn jẹ mọ́.” Ìyá yín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo tún wí, mo tún wí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo mú ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, Idrissou. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìwọ nìkan ló kù. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ìwọ lo dípò rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ sì ni Lassissi lè tìtorí rẹ̀ yẹ ìbúra. Mamadou ń lọ sí Paraku lọ́sàn-án yìí. Bí rélùwéè kò bá já wa kulẹ̀, ìwé yìí á dé ọwọ́ rẹ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Àìkú, wọn kì í ṣí ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọdún ni. Sátidé nìkan lo ní. Tẹ wáyà sí i ní Bassila, ọ̀rọ̀ méjì péré: WỌ BÀTÀ. Orúkọ tìrẹ ni kí o fi sí i, má fi tèmi sí i rárá.

Bá mi kí Aïssatou, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó. Mamadou ti ń fun fèrè ọkọ̀. Èmi náà á wà ní Bassila lọ́jọ́ Ajé, bàtà náà á wà lábẹ́ apá mi. Òjò tún ti ṣú. Tọ́jú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí dáadáa, má fún ẹnikẹ́ni. Bí Ọlọ́run bá gbà, Lassissi fúnra rẹ̀ ni yóò wá gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Soulé