Ẹ Yọ Orúkọ Wa Kúrò, Kí Ìjì-àti-Ìrì Lè Kọrin

Yàrá 302, Ilé Aloe,
Joubert Park,
Johannesburg.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, 2014.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Gbọ̀ngàn,
Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Randburg.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸGBẸ́ OLÓRIN ÌJÌ-ÀTI-ÌRÌ TÍ Ẹ YỌ KÚRÒ NÍNÚ ÈTÒ ỌJỌ́ ÀJOGÚNBÁ

1. Èmi ni ìyá ìyá Bùkúnọlá, tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ yìí. Òun pẹ̀lú Láyọ̀ àti Magdalene ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fi orin dánra wò ní gbọ̀ngàn yín ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá ti parí kíláàsì.

2. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ètò ọjọ́ kẹrìnlélógún, ẹ sì ti gbọ̀ngàn mọ́ wọn, nítorí pé ènìyàn mọ́kàndínlógún fọwọ́ sí ìwé pé ariwo ni orin wọn. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé, sọ fún ọmọ mi pé, "Orúkọ ìyá àgbà rẹ gan-an wà ní ìlà kẹrin." Ọmọ náà délé, kò bú mi, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

3. Èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni olùkọ́ wa máa ń gbé ìwé sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ bó ṣe ń wọlé. Àwa tí a ti fi àtàǹpàkò tẹ ìwé láti ìgbà èwe kì í fi ìyẹn ṣeré rárá. Lọ́gbọ̀njọ́ oṣù Kẹjọ, ìwé méjì ló wà níbẹ̀. A kọ orúkọ sí méjèèjì. Èkejì ni ìwé ẹ̀sùn yẹn; ó gùn, kíkà wa ṣì ń falẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wá. N kò sọ pé akọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ tàn wá, ṣùgbọ́n òun ló gbé e síbẹ̀, kò sì kà á fún wa.

4. Ní ti orin náà, n kò ní parọ́: ó le. Ìlù á dún lẹ́ẹ̀méje, á dún lẹ́ẹ̀márùn-ún, á fò sí mọ́kànlá kí ènìyàn tó mí. Ọmọ mi á sì máa ké bí ẹni tí ilé ń jó. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo á rọ̀. Gìtá á máa kán tó, tó, tó, ohùn ọmọ á sì tutù débi pé n kì í fẹ́ kó tán. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ló wà nínú orin yìí. Ọwọ́ òsì nìkan ni ẹ̀yin gbọ́ láti ìta.

5. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ kì í ṣe òṣìkà, ṣùgbọ́n ẹ kò pe àwọn ọmọ náà kí ẹ tó dájọ́.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá wọn padà sínú ètò, kí ẹ sì ṣí gbọ̀ngàn fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mọ́kànlá nínú orúkọ mọ́kàndínlógún yẹn jẹ́ ti kíláàsì wa. A ti ka ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ̀sùn náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa sì ti yọ orúkọ wa. Ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí èyí kò bá tó, àwa mọ́kànlá yóò wá sí ìpàdé yín ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún. A kò ní jókòó títí ẹ ó fi gbọ́ wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Yíwọlá Àbísóyè (Ìyáàfin),
Akẹ́kọ̀ọ́, Kíláàsì Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.