Ohun Tó Yí Padà

Ìyá wọn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ oko, o kú àmójútó ilé. Ọmọbìnrin rẹ ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ míì ń gbé iṣẹ́ tiwọn lé. Bí wọ́n bá tún un ṣe, òun ló máa ń kọ̀wé sọ ohun tó yí padà fún àwọn oníṣẹ́ náà. Èyí tó kọ kẹ́yìn, "A tún nǹkan kéékèèké ṣe" ló kọ síbẹ̀. Kò sọ pé wọ́n ti yọ ohun kan kúrò, ni iṣẹ́ àwọn èèyàn bá dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé.

Mo ní kó kọ sí ọ pé ara mi le, ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn mí díẹ̀. Ló bá gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, irú èyí ni wọ́n fi fẹ́ lé mi. Ẹ sọ ohun tó yí padà, ẹni tó kàn, àti ohun tí ẹni náà máa ṣe."

"Ṣé ìyá rẹ ti wá di kọ̀ǹpútà ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn ti sú èmi náà.

Ó dáa. Ẹsẹ̀ òsì mi kò gbé mi mọ́. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń dé ilé ìwẹ̀. Ìwọ ló kàn. Má fi oko etí odò dúró dè mí, gbé e fún àbúrò mi kí òjò tó dé.

Bá mi kí i, kí gbogbo ará ilé. Sọ fún wọn pé mo ń jẹun dáadáa. Ọmọ rẹ gbà kí n fi ìyẹn sí i.

Ọkọ rẹ ni.