Bí Mo Ṣe Gba Máàkì Kíkún Nílé Ìwòsàn Ojú

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín èyí àbúrò ti hù? Ilé kò ní lé yín, ọ̀nà kò ní nà yín. Ara tèmi náà le, àfi ojú, bẹ́ẹ̀ ojú lọba ara. Má bínú pé ábídí kọ̀ọ̀kan tóbi tó aláǹgbá, bírò dúdú tó nípọn tí nọ́ọ̀sì fún mi ni mo fi ń kọ̀wé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni mo sì ń kọ ọ́ sí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà, èmi ni mo ń gba ipò kìn-ín-ní. Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ kó gbogbo wa lọ sílé ìwòsàn ojú. Pátákó ábídí wà lára ògiri, nọ́ọ̀sì sì ń sàmì sínú fọ́ọ̀mù. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìdánwò? Ká sòótọ́, pátákó funfun lásán ni mo rí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló kọ́kọ́ kà á, ó ń kà á sókè, èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nígbà tó kàn mí, mo ti ka ìlà tó kéré jù kí nọ́ọ̀sì tó nawọ́ sí i. Ó ní ojú mi dára ju tòun lọ, pé kí n máa lọ sílé. Bàbá awakọ̀ kan ní kíláàsì wa tó gba òdo ni wọ́n ní kó dúró gba ìtọ́jú. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bí mo ṣe ń jáde, mo rí dókítà nínú ẹ̀wù funfun lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo súre fún un títí, kò ṣe àmín. Mo bi í bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn ni. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì dì mí lọ́wọ́ mú, tó ní, Màmá, ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ ń bá wí, dókítà ti lọ jẹun.

Wọ́n dá mi padà sórí àga, wọ́n gbé pátákó mìíràn wá. Wọ́n ní àmì ibẹ̀ dà bíi fọ́ọ̀kì, kí n sọ ibi tó kọjú sí. Olùkọ́ kò sì sí nítòsí. Mo gba òdo, èmi ìyá rẹ! Omijé ń bọ́ lójú mi nígbà tí dókítà dé, tó ní nǹkan kan bí ìkùukùu ló bo ẹyinjú mi, pé òun á ṣí i kúrò. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i tí olódo ń gba ẹ̀bùn.

Kí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i tó pé, nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ojú tí kò ríran dáadáa gbélé. Mo fi okùn so agolo iyọ̀ lọ́rùn, kò sí lára ti ṣúgà. Mo kun etí àtẹ̀gùn ní ọ̀dà funfun, ìyá aránṣọ aládùúgbò wa sì bi mí bóyá àtẹ̀gùn ń lọ síbi ìgbéyàwó. Fóònù tó ń sọ aago tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́, kì í kí mi kó tó sọ̀rọ̀. Mo ti bá a wí.

Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ojú náà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ti oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Fọ́ọ̀mù ní kí ẹnì kan tẹ̀ lé mi, ìwọ ni kó o wá, má rán ọkọ rẹ, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á.

Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ìyá aránṣọ ní òun á kà á fún mi, mo kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń gbọ́ lẹ́tà lẹ́nu ẹlòmíràn, ọdún méjì péré ni mo fi ka tèmi fúnra mi. Bó o bá béèrè nǹkan kan nínú rẹ̀, ìdí tí mi ò fi tíì dáhùn nìyẹn.

Ojú tí mo fi ń retí rẹ kò ní fọ́ kó tó rí ọ. Ṣe àmín o, má ṣe bíi ẹ̀wù dókítà.

Èmi ni ìyá rẹ, ipò kìn-ín-ní.