Wọ́n Ní Kí N Ṣe Òkú

Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì 2026
Omijé ò jáde. Ọ̀gá Èémí ní kí n tún un ṣe. (Olùkọ́ eré orí ìtàgé wa ni. "Èémí dà?" kì í kúrò lẹ́nu wọn.) Nínú eré tí à ń kọ́, èmi ni ìyá tó ń sunkún ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú. Mo ké, mo káwọ́ lérí, ojú mi gbẹ táútáú. Kaothar, tí a jọ wà ní kíláàsì, fún mi ní róòbù kí n fi pa abẹ́ ojú. Mo sín. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò dé inú.

Ọjọ́rú, 11
Wọ́n ti gba ipa náà lọ́wọ́ mi. Kaothar ni ìyá, èmi ni òkú. Aṣọ funfun ni wọ́n máa fi bò mí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé obìnrin ni. Ọ̀gá Èémí ní kí n má bínú. Inú ò bí mi. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi.

Ọjọ́bọ̀, 12
Òórùn bísíkíìtì gba gbogbo Àgídìngbì láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ tí Láolú, ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣiṣẹ́ ni. Ní Òkítóbà, tirela pa á lẹ́nu géètì ibẹ̀. Ọjọ́ náà la sin ín. Òkú ọ̀fọ̀ — òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn ìyá ìjọ ti ilẹ̀kùn mọ́ Mọ́mì, àwa yòókù lọ. Mi ò sunkún níbẹ̀. Mi ò tíì sunkún. Mọ́mì náà, wọn ò pe orúkọ ẹ̀ mọ́. À ń jẹun, à ń fọ abọ́.
Tí mo bá ti gbóòórùn yẹn, ebi ló máa ń pa mí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 14
Mo mọ òkú ṣe. Ọ̀gá Èémí ò béèrè èémí lónìí.

Ìṣẹ́gun, 17
Kaothar ní ẹkún òun ò dùn, kò ní oríkì. "Ìyá wo ló ń sunkún ọmọ láìkì í? Kí ni kí n máa pè ẹ́, òkú?"
Mo ní, "Àlàmú." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Oríkì Láolú ni. Mi ò sọ fún un. Ó ń pè é káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àlàmú o, Àlàmú, èmi wà lábẹ́ aṣọ bí igi.

Ẹtì, 20
Mọ́mì ní àwọn máa wá wo eré wa lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo máa ṣe. Mo ní mo máa dùbúlẹ̀.
"Oorun sísùn lo wá lọ kọ́ ní yunifásítì?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mi ò lè sọ pé òkú ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fi irú ẹ̀ ṣeré, ààwẹ̀ ni wọ́n máa fi sí mi lọ́rùn.

Àìkú, 22
Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Mọ́mì ti wá tààrà, nínú sùtànà, láìwọ bàtà. Mo yọjú wò wọ́n láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Lẹ́yìn náà àwọn ẹgbẹ́ mi gbé mi jáde, wọ́n tẹ́ mi, wọ́n bò mí.
Kaothar bẹ̀rẹ̀. Àlàmú o! Ó tún pè é. Àga kan ró níwájú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí pákó, mo gbóòórùn tùràrí. Kaothar dákẹ́.
Mọ́mì kúnlẹ̀. Wọ́n ṣí aṣọ lójú mi. Mo ń retí kí wọ́n pariwo — Fúnkẹ́mi, dìde, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọn ò pariwo. Wọ́n tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún Láolú tó bá ń lọ síṣẹ́.
"Àlàmú," wọ́n ní. "Wọn ò jẹ́ kí n rí ẹ."
Wọ́n wá ń kì í, wọ́n ń sunkún. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni.
Mo lè lajú. Mi ò lajú. Mo dá èémí dúró kí wọ́n lè rí ọmọ wọn dáadáa. Omi gbígbóná kan ṣàn wọ etí mi. Mi ò mọ̀ bóyá omijé mi ni tàbí tiwọn.
Mo jókòó ti Mọ́mì nínú ọkọ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú délé.

Ajé, 23
Ọ̀gá Èémí fi wásáàpù ránṣẹ́: òkú mi dára, àmọ́ òkú kì í sunkún.
Á jẹ́ pé tèmi ni omijé yẹn.
Mọ́mì ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Fúnkẹ́, dìde." Òórùn bísíkíìtì ti kún yàrá. Ebi ò pa mí. Ó ń dùn mí.